Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Sokolov, kó gbéra: láti Lọ́ńdọ̀nù dé Concertgebouw ní Amsterdam

Grigory Sokolov, àgbà atẹdùùrù, kì í wá sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́, kò sì sí iye owó tí wọ́n lè kà síwájú rẹ̀ tó lè gbé e wá. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là á kalẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2008, pé àlejò tó bá fẹ́ gba físà gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka, ìbáà ṣe olórin, ìbáà ṣe oníṣòwò, baba náà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fagi lé eré tó yẹ kó ṣe, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń yí Yúróòpù ká lọ́dọọdún, ó ń tẹ dùùrù ní Spéìn, ní Ítálì, ní Jámánì, ní Austria, ṣùgbọ́n kò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé. Gbogbo wa la ti gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé gíláàsì ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì físà. Kí ẹni tó ń gbé Peckham tàbí Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè gbọ́ ẹni tó kọ̀ láti tẹ̀ka, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka kó tó rí físà Schengen gbà, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó ń ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Lójú tèmi, Sokolov jàre. Ó sì wú mi lórí pé ẹnì kan wà tó lè sọ pé rárá, kó sì dúró ti rárá náà láti gbogbo ọdún yìí wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tó ń sanwó dáadáa fún olórin ló fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tó fẹ́ gbọ́ ọ la ń ru ẹrù rẹ̀, ẹrù náà sì ní owó nínú, ó ní àkókò nínú. Bí wọ́n ṣe ń rù ú, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Concertgebouw, gbọ̀ngàn orin ńlá ìlú Amsterdam ní Nẹ́dálándì, ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ kí n tó lọ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tó jẹ́ ná. Leningrad ní Rọ́ṣíà ni wọ́n bí i sí ní 1950. Ní 1966, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje olórin tí wọ́n ń pè ní Tchaikovsky ní Moscow, Emil Gilels, tí òun náà jẹ́ àgbà atẹdùùrù, sì ni alága àwọn adájọ́. Ẹni tó bá gba irú ẹ̀bùn yẹn ní kékeré, orí tẹlifíṣọ̀n la ó ti máa rí i. Sokolov kò gba ọ̀nà yẹn. Kì í jókòó fún oníròyìn. Kì í wọ sítúdíò lọ gba orin sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti bá ọ́kẹ́sírà ṣeré gbẹ̀yìn, nítorí àkókò ìgbáradì tí wọ́n máa ń fún un kò tó o rárá. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ Deutsche Grammophon gbé jáde ní 2015, eré tó ṣe lójú èrò ní Salzburg ní Austria ní 2008 ni. Ọdún méje ló fi wà nílẹ̀ kó tó gbà kí wọ́n tà á. Èyí tó jáde ní 2017 ní kọnsáàtò kẹta Rachmaninov, orin dùùrù pẹ̀lú ọ́kẹ́sírà, nínú, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Royal Albert Hall ní 1995. Lọ́ńdọ̀nù náà ti jẹ nínú rẹ̀ rí.

Nǹkan bí àádọ́rin eré ló ń ṣe lọ́dún, òun nìkan pẹ̀lú dùùrù. Ètò kan ṣoṣo ló máa ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú fún ìgbà pípẹ́, á wá yí apá kan padà nígbà tó bá yá. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i lórí ojú ewé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pé wọn ò tíì kọ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́. Tí ẹ bá dúró, ẹ ó bá àga tó kù lẹ́yìn òpó. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Sokolov, ohunkóhun tó bá gbé kalẹ̀ náà ló fẹ́ gbọ́.

Ọ̀dọ̀ gbọ̀ngàn gan-an ni kí ẹ ti rà á. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ ojú ewé wọn jọ ti gbọ̀ngàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè tanni. Àwọn ni Google máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú nítorí pé wọ́n sanwó fún un. Àga tí gbọ̀ngàn ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń tà á, wọ́n á tún fi owó iṣẹ́ lé e ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Mo bínú sí èyí gidigidi, nítorí pé àwọn tó jìnnà, tí wọn ò mọ gbọ̀ngàn náà, ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè ojú ewé lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà wá kàn. Ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kẹwàá 2025 ni Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn náà tẹ̀ka ní ẹnubodè. Ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Tí kò bá tó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́, ó ti pẹ́ jù. Láti oṣù kẹfà 2024, 90 yúrò ni owó físà fún àgbàlagbà, owó ilé-iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù sì tún wà lọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì lè fà dé márùndínláàádọ́ta. Páàsípọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, ojú ewé méjì tó ṣófo sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Adójútòfò ìlera ìrìn àjò gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọjọ́. Eré Sokolov máa ń parí nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá kù díẹ̀, kò sì sí rélùwéè tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní wákàtí yẹn. Torí náà, ọjọ́ kejì eré ni ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín, ìwé gbogbo sì gbọ́dọ̀ fi ohùn kan sọ ọ́: hòtẹ́ẹ̀lì, rélùwéè, adójútòfò, lẹ́tà ibi iṣẹ́. Adójútòfò tó bá parí ní òru ọjọ́ eré, àléébù ni. Owó tó bá ṣàdédé já wọ báńkì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù, ìbéèrè ló máa fà. Ẹ kọ ìwé kékeré kan mọ́ ọn pé ibi báyìí ló ti wá. Ẹ so tíkẹ́ẹ̀tì eré mọ́ ìwé yín, òun ló ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń lọ ju lẹ́tà alásọdùn èyíkéyìí lọ. Ẹ sì bẹ̀ wọ́n fún físà àwọlé-wọ̀de, èyí tí èèyàn lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pàápàá ẹni tó ti lo irú físà bẹ́ẹ̀ rí láìṣẹ̀. Ìka tí ẹ bá ti tẹ̀, oṣù 59 ni wọ́n lè fi tún un lò kí wọ́n tó ní kí ẹ wá tẹ òmíràn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni àwọn tó ń ta ọjọ́ ìpàdé ọ́fíìsì físà. Ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ẹ fi yan ọjọ́ tí ẹ máa lọ, àmọ́ ẹ ṣí i lówùúrọ̀, kò sí. Ẹ ṣí i lálẹ́, kò sí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun lè bá yín rí i fún ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó bá fagi lé ìpàdé wọn ló máa ń jẹ́ kí àyè yọ, mo sì sábà máa ń rí i ní òru tàbí ní ìdájí, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn.

Tí físà bá ti bọ́ sí i, ẹ ṣe iṣẹ́ kan sí i nílé: ẹ rí i pé páàsípọ́ọ̀tù tí ẹ fẹ́ gbé jáde ni ẹ so mọ́ ìwé ìgbélùú orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́pò káàdì. Ẹni tó gba páàsípọ́ọ̀tù tuntun tí kò yí i padà níbẹ̀, lílọ rẹ̀ á rọrùn, àbọ̀ ló máa ṣòro.

Rélùwéè láti St Pancras dé Amsterdam Centraal, bíi wákàtí mẹ́rin ni. St Pancras gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè Faransé ti máa yẹ ìwé yín wò, torí náà tí ẹ bá ti wọkọ̀, wàhálà ẹnubodè ti parí. Kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ní Centraal, ẹ wọ mẹ́tírò 52. Káàdì báńkì lásán ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ sì fi kàn án nígbà tí ẹ bá jáde. Káàdì kan náà ni kó jẹ́. Bí ẹ bá fi fóònù wọlé tí ẹ wá fi káàdì jáde, ẹni méjì ni ẹ̀rọ kà yín sí, yúrò mẹ́rin mẹ́rin ló sì máa yọ lọ́rùn ẹni tí kò jáde àti ẹni tí kò wọlé. Ẹ sọ̀ ní De Pijp, ó jẹ́ ibùdókọ̀ kẹta lẹ́yìn Centraal.

Mo sọ De Pijp nítorí oúnjẹ. Àṣìlò owó ńlá ni kéèyàn jẹun ní àdúgbò gbọ̀ngàn lálẹ́ eré. Ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń lọ síbi eré máa ń rọ́ lọ láago mẹ́fà. Wọ́n mọ̀ pé kò sí àkókò láti lọ síbòmíràn, wọ́n sì ń fi ìyẹn ṣòwò. Omi ẹ̀rọ lásán, tí wọ́n bù láti ẹnu ẹ̀rọ sínú ìgò, wọ́n gbowó lé e. Ọbẹ̀ dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, búrẹ́dì tó bá a wá wà lórí ìwé owó lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ la ò béèrè rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ sanwó, wọ́n ní àwọn kì í gba owó ọwọ́, káàdì nìkan. Káàdì Lọ́ńdọ̀nù wá kọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbáwo kiri sì dúró lé wa lórí títí aago méje ààbọ̀ fi kọjá. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wá. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní kíkà sí ìdajì owó tí wọ́n gbà.

Ní De Pijp, ọ̀tọ̀ ni. Ibùdókọ̀ mẹ́tírò náà àti ọjà Albert Cuyp fara kanra, àwọn ará Suriname, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, sì ń ta oúnjẹ káàkiri àdúgbò náà. Ẹ béèrè bakabana. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n ni, wọ́n gé e gígùn, wọ́n rì í sínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, wọ́n dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbó, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ata wọn, tí wọ́n ń pè ní Madame Jeanette, kò sí ìyàtọ̀ tó pọ̀ láàárín òun àti ata rodo wa: ó sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí àwọ̀ òféèfèé, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ dé imú. Ìrẹsì, adìẹ, ẹ̀wà gígùn tútù, àti ata yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìyá tó ń tà á bi wá bóyá a lè jẹ ata, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ibi tí a ti wá, ó bu sí i. Owó tí a san fún ẹni méjì níbẹ̀ kò tó ti ẹnì kan nílé oúnjẹ àkọ́kọ́. Àárín aago márùn-ún ni ọjà ń palẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ tètè dé. Láti ibẹ̀, ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbé yín dé gbọ̀ngàn. Ẹni tí kò bá ráyè yà síbẹ̀, ilé ìtajà ńlá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Museumplein, òdìkejì gbọ̀ngàn gan-an. Ẹ ra búrẹ́dì àti wàràkàṣì níbẹ̀ kí ẹ jókòó sórí koríko. Ẹ má ra ohun mímu, nítorí ní ọ̀pọ̀ eré alẹ́ ní Concertgebouw, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ká ohun mímu àkókò ìsinmi àti ibi tí wọ́n ń fi kóòtù pamọ́ sí. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ọdún 1888 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, lórí ilẹ̀ àbàtà. Òpó igi tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé; nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ilé ti ń rì, ni wọ́n bá fi òpó irin àti kọnkéré rọ́pò wọn láìwó ilé náà. Gbọ̀ngàn ńlá rí gbọọrọ bí àpótí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń gbà, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn olórin àtijọ́ sí iwájú bákónì yí ká. Tí ẹ bá pàtẹ́wọ́ nígbà tí èrò ti kún un, ohùn rẹ̀ á wà lójú òfurufú fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì lé díẹ̀ kó tó kú. Fún ọ́kẹ́sírà, oyin ni. Fún dùùrù nìkan, ó léwu, nítorí ohùn kan kò tíì lọ tí òmíràn á ti gorí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ibi ìjókòó fi ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga sókè lẹ́yìn bíi ti gbọ̀ngàn ayé òde òní, àwọn ará Nẹ́dálándì sì wà lára àwọn tó ga jù lágbàáyé. Ẹni tí kò bá ga, ọrùn ẹlòmíràn ni yóò máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìlà iwájú pátápátá kò ní ìṣòro yẹn, àmọ́ pèpéle ga, ikùn dùùrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ó máa rí. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bó ṣe ń lo pẹ́dàlì, ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ dùùrù. Ẹni tó fẹ́ rí ọwọ́, kó jókòó sí apá òsì bó bá kọjú sí pèpéle. Àwọn àga kan wà lórí pèpéle lẹ́yìn olórin, ojú rẹ̀ lẹ ó rí níbẹ̀ bó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tó dára, ṣùgbọ́n ìdérí dùùrù kọjú sí ìsàlẹ̀, ó ń gbé ohùn lọ sọ́dọ̀ èrò iwájú, èyí tó bá dé ẹ̀yìn á ṣókùnkùn. Abẹ́ bákónì náà ń pa ohùn. Bí owó bá wà fún àga kan ṣoṣo tó dára, iwájú bákónì ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ rà.

Dùùrù tó bá níbẹ̀ ni Sokolov ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ kì í jókòó sídìí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wákàtí púpọ̀ ló fi ń bá ẹni tó ń tún dùùrù ṣe ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ eré, ó sì mọ inú dùùrù bí ẹni tó kàn án. Dùùrù Steinway irú D tí wọ́n ń lò ní gbọ̀ngàn ńlá gùn tó 274 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n rẹ̀ tó 480 kílò, eyín 88 ló ní, ẹ̀yà ara rẹ̀ lé ní 12,000. Tí ìka bá tẹ eyín kan, ọ̀pá igi á ti òòlù kékeré tí wọ́n fi irun àgùntàn dì lórí, òòlù á sì fò lọ lu okùn irin. Kí òòlù tó kan okùn, ó gbọ́dọ̀ já kúrò lára ohun tó ń tì í, bí kò bá já, á lẹ̀ mọ́ okùn, ohùn á kú fin-ín. Ibi tó ti ń já yìí kò ju bíi mílímítà kan ààbọ̀ lọ sí okùn. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá jẹ́ kó jìnnà jù, olórin ò ní lè tẹ ohùn jẹ́jẹ́ kó dájú pé yóò dún. Bó bá sún mọ́ jù, òòlù á lu okùn lẹ́ẹ̀mejì. Eyín 88, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò.

Irun àgùntàn tún wà. Bí òòlù bá ti lu okùn fún ìgbà pípẹ́, irun náà á le, okùn á gé ojú ọgbẹ́ sí i lára, ohùn á máa han bí agolo. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un kó rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá pọ̀ jù, ohùn á di ti òwú, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń fa abẹ́rẹ́ padà. Pẹ́dàlì òsì ń sún gbogbo òòlù díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó lè lu okùn méjì dípò mẹ́ta, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí irun náà kò tíì le. Ojú ọjọ́ náà ń ṣe tirẹ̀: igi pákó ohùn tó wà lábẹ́ okùn ń wú bí ọ̀rinrin bá pọ̀, ó ń súnkì bí ẹ̀rọ amúlégbóná bá gbẹ atẹ́gùn, ohùn á sì yẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí ẹnì kan tó gbé àpò irinṣẹ́ wá sídìí dùùrù nígbà ìsinmi, tó ń tẹ eyín kan náà léraléra. Ẹ má rò pé nǹkan bàjẹ́. Okùn mẹ́ta tó yẹ kó sọ ohùn kan ṣoṣo ló ń tún papọ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀pọ̀ eré alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dín iná kù títí ojú ò fi ní rí ìwé ètò kà mọ́, torí náà ẹ kà á kí ẹ tó jókòó. Baba náà á jáde nínú kóòtù dúdú, á rìn kíákíá bí ẹni tó ní iṣẹ́ láti ṣe, á tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àga tí orin fi bẹ̀rẹ̀. Kì í dúró gbàtẹ́wọ́ láàárín orin kan àti èkejì nínú apá kan ètò, ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ á dá nìkan pa á.

Nínú ètò 2025, William Byrd ló fi ṣí i. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Byrd, ó kú ní 1623, ó sì kọ orin rẹ̀ fún àwọn ọmọge àti ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi dùùrù kékeré tẹ̀, èyí tí ìdí ìyẹ́ ẹyẹ fi ń já okùn rẹ̀, tí kò lè pariwo, tí kò sì lè rọ̀. Nǹkan bí ọdún 1700 ni Cristofori tó ṣe dùùrù olóòlù àkọ́kọ́ ní Florence. Orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni Sokolov ń gbé kiri Yúróòpù, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ kọjá omi kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó dùn mí fún Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tó fi Byrd ṣe nínú gbọ̀ngàn tí ohùn ti ń pẹ́ yẹn ni ẹ lọ gbọ́. Pẹ́dàlì ọ̀tún, tó máa ń fi ohùn sílẹ̀ kó máa rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án. Ìka ló fi ń di ohùn mú, á sì tu ú nígbà tó yẹ gan-an. Àwọn ohùn ọ̀ṣọ́ kéékèèké tí Byrd kọ sí orí nóòtù, tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ bí ẹni ń gbọn eruku, lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Orin Byrd fẹ́ràn kí ìsàlẹ̀ máa tún ohun kan náà sọ kí òkè máa dárà lé e, bí omele ṣe ń di ilẹ̀ mú kí ìyá ìlù lè rìn. Etí Yorùbá kò nílò olùkọ́ níbẹ̀. Akin Euba wa, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, tó kọ́ dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé dùùrù lè sọ̀rọ̀ bí ìlù. Mo ronú kàn án nígbà tí ọwọ́ òsì baba yìí ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láì yí i padà, láì sáré, láì falẹ̀.

Apá kejì jẹ́ ti Brahms, olórin Jámánì: orin Ballade mẹ́rin tó kọ ní 1854, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àti Rhapsody méjì tó kọ ní 1879. Níbẹ̀ ni dùùrù ńlá ti jí. Àwọn tó sọ pé Sokolov ń falẹ̀ jù, mo gbọ́ wọn, nínú Ballade kẹrin wọ́n ní ìdí. Ó fà á débi tí ẹlòmíràn á ti gbàgbé ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbàgbé. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń so ó pọ̀, ẹ tẹ́tí sí ìka kékeré ọwọ́ òsì.

Lẹ́yìn náà ni èènì. Ẹni tí kò mọ̀ á ti máa wá kóòtù rẹ̀, àwọn ará Amsterdam sì máa ń dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí náà ìdìde wọn kọ́ ni àmì pé eré parí. Èènì mẹ́fà ni Sokolov sábà máa ń fi lé e. Á tẹrí ba, á wọlé, á jáde, á tún tẹrí ba, á tún wọlé, ojú rẹ̀ kò ní yí padà, lẹ́yìn náà á jókòó lójijì. Mazurka, orin ijó, ti Chopin ni, tàbí orin Rameau, tàbí orin Bach tí Siloti tún tò fún dùùrù. Kò ní sọ orúkọ orin kankan. Ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni iye tíkẹ́ẹ̀tì yín wà. Àwọn tó bá jáde lẹ́yìn ẹ̀kẹta nítorí tráàmù ń pàdánù, wọ́n tún ń di ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí pátákó ilẹ̀ náà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹ bá gbọ́ Les Sauvages ti Rameau lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìka ṣe ń fò kúrò lára eyín bí ẹni pé ó gbóná, gbogbo ìyà ọ́fíìsì físà á fúyẹ́.

Kò sí ìdí láti sáré. Tráàmù 3, 5 àti 12 ń kọjá nítòsí gbọ̀ngàn, mẹ́tírò 52 sì ń ṣiṣẹ́ títí òru á fi wọlé dáadáa. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni hòtẹ́ẹ̀lì. Láti 2024, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá ni ìlú Amsterdam ń gbà lọ́wọ́ àlejò, ọ̀pọ̀ ojú ewé tó ń ta yàrá kì í sì fi kún iye tó ń kọ sí iwájú. Ẹ dé ibi káńtà láago méjìlá òru, ó ti rẹ̀ yín, wọ́n wá ní ẹ tún mú owó wá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó yàrá. Tàbí kí ẹ sùn sí Haarlem, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni rélùwéè láti Centraal, ìlú náà sì dákẹ́.

Ẹni tí owó Amsterdam bá wúwo fún, físà Schengen kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn Jámánì. Sokolov kì í fi ojú kéré ìlú kékeré, gbọ̀ngàn tí kò tó ìdajì Concertgebouw ló máa ń lọ níbẹ̀ nígbà mìíràn, dùùrù sún mọ́ni, hòtẹ́ẹ̀lì sì rọjú. Salzburg nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ yẹra fún bí kì í bá ṣe pé owó wà. Gbogbo ìlú ló ń gbówó lé nǹkan ní oṣù kẹjọ. Bí mo bá tún fẹ́ lọ, Jámánì ni mo ń lọ, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ìpàdé físà.